Mo Fi “Ọlọ́run Ló Pè Mí” Pa Ìyàwó Mi Lẹ́nu Mọ́

Ẹ̀yin tí Ọlọ́run pè sí iṣẹ́ ìránṣẹ́, tí ọkọ tàbí aya yín ò sì fẹ́ gbọ́ ọ sétí, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò ní ṣàlàyé bó ṣe máa ń rí, torí ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ bí èèyàn ṣe ń jí lóru tí ọkàn rẹ̀ ń jó, tí yóò wo ẹni tó sùn tì í, tí yóò sì mọ̀ pé bí òun bá lanu báyìí, ìjà ni. Oṣù mẹ́ta péré sẹ́yìn ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, egbò rẹ̀ ò sì tíì jinná. Bóyá ó yẹ kí n dúró kó jinná kí n tó kọ ọ́. Àmọ́ ó dá mi lójú pé ẹnìkan wà tó ń múra láti ṣe ohun tí mo ṣe ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ kó ka èyí kó tó ṣe é.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti mọ̀ pé Olúwa ń pè mí. Mo gbàdúrà sí i, mo gbààwẹ̀ sí i, àwọn àgbà nínú ìgbàgbọ́ tí wọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sọ ohun kan náà fún mi. Títí di òní, mi ò ṣiyèméjì. Mo sọ èyí nítorí àwọn kan máa rò pé ohun tí mo fẹ́ wí ni pé mi ò gbọ́ Ọlọ́run dáadáa. Mo gbọ́. Ohun tí mo wá fi gbígbọ́ náà ṣe ni mo ti ṣìnà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ fún ìyàwó mi, ó dákẹ́ títí, ó wá ní, “Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná.” Ìgbà kejì, ó ní àwọn ọmọ ṣì kéré. Ìgbà kẹta, ó ní, “Ẹ̀rù ń bà mí.” Mo fèsì pé Ọlọ́run ò fún wa ní ẹ̀mí ìbẹ̀rù. Ó dákẹ́. Mo rò pé mo ti borí. Láti ìgbà náà lọ, bó bá ti fẹ́ sọ tẹnu rẹ̀ báyìí, mo ní gbólóhùn kan tí mo máa ń mú jáde: “Ọlọ́run ló pè mí, kì í ṣe èèyàn.” Ẹ rò ó wò. Kí ni obìnrin fẹ́ fi dáhùn ìyẹn? Bó bá ní rárá, a jẹ́ pé ó ń bá Ọlọ́run jà. Bó bá dákẹ́, mo ti mú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò fi ojú ọ̀nà kankan sílẹ̀ fún un.

Ìgbà tó yá, olùdarí ìjọ wa sọ fún mi láàárín ọ̀sẹ̀ pé òun máa fún mi láyè lọ́jọ́ Ìsinmi, kí n sọ ìpè mi fún ìjọ, kí wọ́n sì gbàdúrà fún mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ òjíṣẹ́. Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Mo sọ fún ara mi pé Ẹ̀mí Mímọ́ máa fọwọ́ kàn án níbẹ̀. Òótọ́ tó wà nídìí rẹ̀ ni pé mo mọ̀ pé bí mo bá sọ fún un nílé, ó lè kọ̀, àmọ́ kò ní lè kọ̀ lójú èèyàn. Ó nira fún mi láti kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́.

Wọ́n gbé maìkì fún mi. Mo sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn èèyàn ń ṣe àmín. Mo wá ní, “Èmi àti ìyàwó mi ti gbà láti fi gbogbo ayé wa sin Olúwa. Ẹ jẹ́ kó jáde wá.” Ìlà kẹrin ló jókòó sí. Àbíkẹ́yìn wa ti sùn lọ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò dìde lójú ẹsẹ̀. Ó wò mí. Èmi náà wò ó, mo sì na ọwọ́ sí i níṣojú gbogbo ìjọ. Ó gbé ọmọ fún obìnrin tó jókòó tì í, ó dìde, ó ń bọ̀. Bàtà rẹ̀ ti ń há a lẹ́sẹ̀ láti àárọ̀, ó ti bọ́ ọ sábẹ́ àga, kò sì rántí wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ lásán ló fi rìn dé iwájú. A kúnlẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé wa lórí. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, àwọn ìyá ìjọ ń ké halelúyà, wọ́n ní omijé ayọ̀ ni. Lẹ́yìn ìsìn, ẹnìkan wá sọ fún mi pé òun rí i bó ṣe bọ́ bàtà bíi ti Mósè níwájú igbó tó ń jó, pé ara òun bù máṣọ. Mo ní ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi wà léjìká obìnrin yìí ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ń gbàdúrà. Èjìká náà le bí igi. Mo mọ ẹkún ayọ̀ rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ nígbà tó bí ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irú èyí tó sun lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbọ́ ọ rí.

Kò sọ nǹkan kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó tẹ́ àwọn ọmọ sùn, ó wá jókòó sórí àga tó kọjú sí mi. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní:

“Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kúnlẹ̀ pẹ̀lú yín níwájú ìjọ. Ti àkọ́kọ́, wọ́n bi mí bóyá mo gbà. Ti òní, ta ló bi mí?”

Mo lanu. Ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dárúkọ Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ẹ̀yin fúnra yín sọ̀rọ̀.”

Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo ti ń fi Ọlọ́run ṣe ògiri láàárín èmi àti ìyàwó mi, tí mo ń lúgọ sẹ́yìn ògiri náà, tí mo sì ń pè é ní ìgbàgbọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i.

Ohun tó wá sọ lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ ọ rí láti ọdún mọ́kànlá tá a ti jọ wà. Ọmọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni ìyàwó mi. Mo mọ ìyẹn kí n tó fẹ́ ẹ, mo tilẹ̀ kà á sí àǹfààní. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, àìsàn dá ìyá rẹ̀ wó nígbà tí bàbá rẹ̀ wà níbi ìsọjí. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó ránṣẹ́ padà pé òun ti fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yìí ló ń fún ìyá rẹ̀ lómi mu fún ọjọ́ mẹ́ta, òun ló ń tọ́jú àwọn àbúrò rẹ̀, òun ló ń jí lóru láti gbọ́ bóyá ìyá ṣì ń mí. Ìyá náà yè. Bàbá dé, ó jẹ́rìí nínú ìjọ pé òun ò fi iṣẹ́ Olúwa sílẹ̀, Olúwa sì wo ìyàwó òun sàn. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìyàwó mi ní, “Mo jókòó síbẹ̀, mò ń retí pé kí ẹnìkan bi èmi náà.”

Ó wá ní, “Mi ò bá Ọlọ́run jà rí o. Ẹ̀yin ni mi ò mọ̀ bóyá ẹ máa wálé bí mo bá ránṣẹ́ sí yín.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ẹ má bi mí. À ń kí ara wa ẹ káàárọ̀, à ń sọ̀rọ̀ owó ilé ìwé àwọn ọmọ, ó tán. Mo ń gbàdúrà, ó dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sínú garawa. Àpọ́sítélì Pétérù sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ nínú lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́, orí 3 ẹsẹ 7, pé kí ọkọ máa fi ọlá fún aya kí àdúrà wọn má bàa ní ìdènà. Mo ti wàásù lórí ẹsẹ yẹn rí. Mo mú àwọn tọkọtaya tí wọ́n jókòó síwájú mi bá a wí, ọkàn mi ò tiẹ̀ lọ sí ilé ara mi.

Ẹni tó là mí lójú ni alàgbà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi. Mo ti fi ẹnu mi yin William Carey lórí pẹpẹ láìmọye ìgbà, oníṣẹ́ bàtà ará England tó lọ sí Íńdíà tó sì túmọ̀ Bíbélì sí èdè Bẹ̀ǹgálì. Alàgbà náà bi mí pé, “Kí lorúkọ ìyàwó rẹ̀?” Mi ò mọ̀. Ó ní kí n lọ wá a. Dorothy ni. Nígbà tí Carey ní òun ń lọ, oyún wà nínú Dorothy, ó sì kọ̀ jálẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti múra láti máa lọ láìsí i, àfi bí ìrìn àjò náà ṣe yẹ̀. Wọ́n padà wá bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà níkẹyìn pé òun á lọ bí ọmọ ìyá òun obìnrin bá bá òun lọ. Ọdún 1793 nìyẹn. Lọ́dún 1794, ọmọ wọn Peter, ọmọ ọdún márùn-ún, kú sí Íńdíà. Orí ìyá rẹ̀ dàrú, kò sì padà bọ̀ sípò títí tó fi kú lọ́dún 1807. Mi ò sọ pé iṣẹ́ Carey ò so èso. Ó so èso tí ayé ń jẹ títí dòní. Àmọ́ mo jókòó síwájú ohun tí mo kà yẹn, mo sì rí ẹsẹ̀ lásán ìyàwó mi bó ṣe ń bọ̀ níwájú ìjọ.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo padà lọ bá olùdarí ìjọ àti àwọn alàgbà, mo sọ òtítọ́ fún wọn pé irọ́ ni mo pa nígbà tí mo ní àwa méjèèjì ti gbà, mo sì ní kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ náà dúró. Ojú tì mí, àmọ́ ó kọjá. Díẹ̀díẹ̀ ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í móoru padà.

Àwọn ohun tí mo kọ́ nìyí, bí mo ṣe rántí wọn.

Èyí tó ṣáájú: ẹ má ṣe fi “Ọlọ́run ló sọ ọ́” parí ọ̀rọ̀ láàárín ẹ̀yin àti ẹni tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ lè ní, “Mo gbà gbọ́ pé Olúwa ń bá mi sọ ohun kan, mo sì fẹ́ kó o bá mi gbé e yẹ̀ wò.” Ìyẹn yàtọ̀ sí kéèyàn gbé e kalẹ̀ bí ìdájọ́ ilé ẹjọ́. Bó bá jẹ́ Ọlọ́run ló sọ ọ́ lóòótọ́, ìbéèrè ìyàwó mi ò lè ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Èmi ni mò ń bẹ̀rù ìbéèrè, Ọlọ́run ò bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ wo Mánóà nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 13. Aya rẹ̀ ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ fara hàn, tó sọ fún un pé yóò bí Sámúsìnì. Obìnrin náà wá ròyìn fún ọkọ rẹ̀. Mánóà ò ní irọ́ ni. Ó gbàdúrà pé kí ẹni Ọlọ́run náà tún wá, kó wá kọ́ àwọn méjèèjì ní ohun tí wọn yóò ṣe sí ọmọ náà. Ọlọ́run bínú bí? Rárá. Áńgẹ́lì náà padà wá. Obìnrin yìí náà ló tún kọ́kọ́ bá, nínú pápá, ó sì sáré lọ pe ọkọ rẹ̀. Mo ka orí yẹn ní ẹ̀ẹ̀méje lọ́sẹ̀ kan. Ọlọ́run tó mọ̀ pé òun ti sọ̀rọ̀ tún rán áńgẹ́lì lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé ẹnì kejì nínú ilé ò tíì gbọ́. Èmi tí mo jẹ́ èèyàn ni mo ní n kò ráyè tún un sọ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń ṣí Bíbélì rẹ̀ báyìí sí ibi tí Jésù ti ní ẹni tí kò bá kórìíra aya àti àwọn ọmọ kò lè ṣe ọmọ ẹ̀yìn òun, tàbí ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹni tó fọwọ́ lé ohun ìtúlẹ̀ tó sì ń wẹ̀yìn. Mo mọ àwọn ẹsẹ náà. Mo ti jù wọ́n lu ìyàwó mi bí òkò. Ṣùgbọ́n Jésù yìí kan náà, ní Máàkù orí 7, ló bá àwọn tí wọ́n ń sọ pé “Kọ́bánì ni” wí, àwọn tí wọ́n mú ohun tó tọ́ sí bàbá àti ìyá wọn, tí wọ́n ní Ọlọ́run làwọn ti yà á sọ́tọ̀ fún. Ó ní wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di asán. Ohun tí mo jẹ ìyàwó mi, láti ọjọ́ tí mo ti búra fún un, mo sọ ọ́ di Kọ́bánì. Pọ́ọ̀lù tilẹ̀ sọ nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 7 pé bí tọkọtaya bá fẹ́ yẹra fún ara wọn fún ìgbà díẹ̀ láti gbàdúrà, àfi kí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan. Bí ìgbà díẹ̀ bá gba ìfohùnṣọ̀kan, kí ni ká wá sọ sí gbogbo ọjọ́ ayé ẹni?

Àwọn kan ti sọ fún mi pé mo ti di ẹni tí obìnrin ń darí. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn lẹ́ẹ̀kan kó tán. Mi ò fi ìpè mi sílẹ̀, ìyàwó mi ò sì ní kí n fi í sílẹ̀. Ẹni tí kò lè bójú tó ilé ara rẹ̀, Pọ́ọ̀lù bi Tímótì léèrè bí yóò ṣe bójú tó ìjọ Ọlọ́run. Ìdáhùn mi nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ mìíràn: “rárá” tẹ́ ẹ ń gbọ́, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ìpè yín ló ń dá lóhùn. Tìyàwó mi, bàbá rẹ̀ ló ń dá lóhùn. Ti ẹlòmíràn, owó ni: ibo ni owó ilé máa ti wá? Ti ẹlòmíràn, àwọn ọmọ ni, tí gbogbo ìjọ yóò máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn àti bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ti ẹlòmíràn, kò fẹ́ kí wọ́n kàn sọ òun di ìyá ìjọ lójijì, kí wọ́n ní kó máa darí ẹgbẹ́ obìnrin nígbà tó jẹ́ pé ìtìjú ni tirẹ̀. Ẹ bi í. Ẹ bi í kẹ́ ẹ sì jókòó, kẹ́ ẹ má ṣe fi ẹsẹ Bíbélì dáhùn. Àwa ti fi òfin sí i báyìí: ní alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, a máa sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní ka ẹsẹ Bíbélì lu ẹnì kejì. Ó dà bí ohun tí kò ní ẹ̀mí nínú, àmọ́ inú wákàtí yẹn ni mo ti gbọ́ ohun tí ọdún mẹ́fà ò jẹ́ kí n gbọ́.

Lórí owó, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde, kí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ sì rí i. Ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Pọ́ọ̀lù pa àgọ́ pẹ̀lú Ákúílà àti Pírísílà, tọkọtaya tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ Olúwa. Iṣẹ́ oṣù ò sọ ìpè yín di èké.

Ẹ̀yin olùdarí ìjọ, ẹ dákun: kẹ́ ẹ tó gbé ọwọ́ lé ẹnikẹ́ni lórí, ẹ pe ọkọ tàbí aya rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹnì kejì má sí níbẹ̀, kẹ́ ẹ bi í. Ká ní wọ́n bi ìyàwó mi ni, mi ò ní máa kọ èyí.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ̀yin lẹ gbọ́ ìpè tí ọkọ yín sì ń lọ́ tìkọ̀, mi ò wà ní ipò yín, mi ò fẹ́ pe ara mi ní ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀. Ẹ padà lọ wo aya Mánóà. Àwọn tí ọkọ tàbí aya wọn kò tíì gba Jésù gbọ́ rárá, tiwọn tún lọ́tọ̀. Ẹ wá ẹni tó ti gba ọ̀nà yẹn kọjá.

Mo sì tún fẹ́ tẹnu mọ́ ọn: ẹ má ṣe fi orúkọ Ọlọ́run pa á lẹ́nu mọ́. Mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Lálẹ́ àná, a ti pa iná, mo rò pé ó ti sùn. Ó ní, “Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, kí lẹ gbọ́ gan-an?” Mo dákẹ́ díẹ̀, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé mi ò sọ ọ́ fún un rí. Mo ti sọ ọ́ fún alàgbà, mo ti sọ ọ́ fún ìjọ lórí maìkì, èsì rẹ̀ nìkan ni mo máa ń sọ fún òun. Mo wá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ibi tí mo wà, ohun tí mò ń kà, bí ẹ̀rù ṣe ba èmi náà. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní, “Ẹ tún un sọ.”

Mo tún un sọ.